Mo ti dín epo kù, kí ló dé tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ga?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Kàbà ni mo sì ń gbé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kan fi hàn pé triglyceride mi jẹ́ 3.4 mmol/L. Ó ti pé ọdún kan gbáko tí mo ti dín epo pupa kù nínú ọbẹ̀. Níbo wá ni ọ̀rá yìí ti ń wá?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Epo nìkan kọ́ ló ń fà á. Triglyceride ni ọ̀rá tí ara fi ń tọ́jú agbára oúnjẹ tí kò tíì lò. Bí a bá jẹ iyán ju èyí tí ara lè lò lọ, ẹ̀dọ̀ á sọ lára èyí tó ṣẹ́kù di ọ̀rá, á sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kán epo sí ọbẹ̀ tí a fi jẹ ẹ́. Ṣúgà inú máàtì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọtí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan ẹmu tí àwa ará Òkun fi ń ṣe àlejò. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè láti àárọ̀ lè jẹ òkèlè ńlá kí ó sì lò ó tán. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí kò dín òkèlè kù ni tirẹ̀ ń ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni mo rò pé kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kò yẹ kí triglyceride tó 1.7 mmol/L, tí í ṣe 150 mg/dL. Tiyín jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ó bá kọjá 5.6, ó lè mú kí ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, tó ń pèsè ínsúlínì, wú, èyí sì léwu gidigidi. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí tirẹ̀ ga bẹ́ẹ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́: omi òkè rẹ̀, tó yẹ kí ó mọ́ gaara, funfun bí omi ògì.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ti jẹun kí ẹ tó lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 9 sí 12 láìjẹun, omi lásán nìkan ni kí ẹ mu, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, nítorí àtọ̀gbẹ tí a kò tíì mọ̀ sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Àìsàn kíndìnrín, ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa àti àjogúnbá náà ń fà á. Àwọn oògùn kan tún ń gbé e sókè, irú bíi steroid àti àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí ń mú ni tọ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá èyíkéyìí dúró. Ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò lọ bá dókítà, kí ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.