Kí Ló Dé Tí Gèémù Fi Máa Ń Fà Tá A Bá Pín Ojú Tíífí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi máa ń gbá gèémù mọ́tò lórí tíífí kan ṣoṣo, témi á wà lókè, tiẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Tí mo bá ń dá gbá a, ó ń lọ geere, àmọ́ tá a bá ti di méjì báyìí ńṣe ló máa ń fà. Ṣé ẹ̀rọ wa ti fẹ́ bàjẹ́ ni? Àti pé kí ló dé tọ́pọ̀ gèémù tuntun ò fi gbà kéèyàn pín ojú tíífí báyìí mọ́?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe àwòrán kan ló ń yà tó wá ń gé sí méjì. Ẹ̀yin lè ti dé orí afárá kí àbúrò yín ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí kọ́ lòun ń rí, torí náà bíi kámẹ́rà méjì ló wà nínú gèémù yẹn, gbogbo igi, títì àti mọ́tò tó bá bọ́ sójú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á yà á lọ́tọ̀. Gèémù tó ń yàwòrán 60 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ pín sẹ́kọ́ǹdì yẹn sọ́nà 60, ìdá kan péré ló ní láti fi parí àwòrán kan, ẹ wá tún ní kó ki méjì bọ inú ẹ̀, tí agbára ẹ̀ ò bá ká a, á fà ni.

Àwọn tó ń ṣe gèémù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá máa ń dín nǹkan kù. Gèémù mọ́tò tó ń jẹ́ Mario Kart 8 Deluxe, 60 ló ń yà tẹ́ni méjì bá ń gbá a, tó bá ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó di 30. Ti Mario Kart 64 tó jáde lọ́dún 1996 ló tiẹ̀ dùn mí jù, tẹ́ni mẹ́ta bá ti jókòó sídìí ẹ̀, orin á lọ, ìró mọ́tò lẹ máa máa gbọ́.

Gèémù Halo 5 ti ọdún 2015 ní tiẹ̀ yọ pípín ojú tíífí kúrò pátápátá torí wọn ò fẹ́ kí 60 yẹn já wálẹ̀, kí kálukú wà nílé ẹ̀ kó máa gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Kẹ́ ẹ jókòó ti àbúrò yín, kẹ́ ẹ máa yọjú wo apá tiẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó dé, íntánẹ́ẹ̀tì ò lè fún yín nìyẹn láéláé. Ẹ wá It Takes Two tó jáde lọ́dún 2021 jàre, èèyàn kan ò lè dá a gbá, ẹni méjì ni dandan.

Ìbéèrè: Nínú fíìmù ńkọ́, tẹ́ni méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tá a sì ń rí wọn pọ̀, ṣé iṣẹ́ kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ti fíìmù, wọ́n ti yà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tò ó pọ̀ ló kù. Ó sì ti pẹ́ gan-an. Nínú Suspense tí Lois Weber àti ọkọ ẹ̀ Phillips Smalley ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1913, wọ́n pín ojú fíìmù sí mẹ́ta: ìyàwó tó ń fi fóònù pe ọkọ ẹ̀, ọkọ níbi iṣẹ́, àti olè tó ń wọlé bọ̀. Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Timecode ti Mike Figgis lọ́dún 2000, kámẹ́rà mẹ́rin tí wọ́n tàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò gé ibì kankan títí tó fi parí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níwájú yín, igun tí wọ́n bá ti gbé ohùn ẹ̀ sókè lojú yín á sáré lọ.