Ṣé ẹni tó ń ṣe oṣó nínú géèmù ti jáde nínú Ìsìláàmù?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléíkúmù, Ààfáà. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun o. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, ládùúgbò Under G. Mo máa ń bá àwọn èèyàn ìlú oríṣiríṣi ṣe géèmù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kálukú á yan ẹni tó fẹ́ jẹ́, á sì máa sọ̀rọ̀, á máa hùwà bí ẹni náà. Oṣó ni mo yàn. Ó ń jí òkú dìde, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ bọ òòṣà, ọ̀dàlẹ̀ sì ni. Kódà mo yá idà ọkùnrin ará Ìlọrin kan níbẹ̀, mo fi wọ́láhì búra fún un pé n ó dá a padà láàárọ̀, n kò dá a padà. Àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, bá mi níbi tí oṣó mi ti ń kúnlẹ̀ fún òòṣà. Wọ́n ní mo ti di kèfèrí, wọ́n ní yìgì wa ti tú. Ìyàwó mi ti kó ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹlòmíràn ní àlùjọ̀nnú ló wọ̀ mí látinú géèmù náà, kí n mú owó wá kí òun ṣe rúkíyà, àdúà tí wọ́n fi ń lé àlùjọ̀nnú, fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa aléíkúmù sàláàmù. Yìgì yín kò tú. Pe ìyàwó rẹ lórí fóònù báyìí, kó gbé ọmọ pọ̀n kó máa bọ̀ nílé. Kó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò.

Nígbà tí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo jókòó tì ọ́, mo sì wò ó. Mo mọ ohun tó wà nínú Risala o. Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tí gbogbo àwa tí a kéwú lábẹ́ màdìhábì Màlíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, ka ìwé rẹ̀ yìí dàgbà, ní kò tọ́ kí èèyàn ta ayò dáìsì tàbí ṣẹ́ẹ̀sì, ó ní kò burú kí a kí àwọn tó ń ta á, ṣùgbọ́n a kórìíra kí a jókòó tì wọ́n kí a máa wò wọ́n. Kí Ọlọ́hun forí jì mí. N kò lè dá ẹjọ́ ohun tí n kò rí. Mo rí ọkùnrin gíga kan tó wọ ẹ̀wù dúdú gbọọrọ, tí ojú rẹ̀ kò hàn, níwájú òkúta kan tí àbẹ́là mẹ́ta ń jó lórí rẹ̀. O tẹ bọ́tìnnì kan, ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ìwọ ń jẹ ẹ̀pà. Ìka rẹ kan ṣoṣo ló mira, ọwọ́ kejì wà nínú abọ́ ẹ̀pà.

Ìyẹn ni àna rẹ pè ní ìforíkanlẹ̀ fún òòṣà.

Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Fìríáónà, nínú Súrà An-Naziat, ẹsẹ̀ 24: «Èmi ni olúwa yín tó ga jù lọ.» Lèmọ́ọ̀mù máa ń ké e sókè nínú ìrun, àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó sáré lọ tún yìgì so nígbà tí a bá sálámà tán. Ìdí ni pé gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Fìríáónà ló ń kà, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ròyìn ìṣe kèfèrí kì í tipa bẹ́ẹ̀ di kèfèrí. Ohun tí àwọn onímọ̀ gùn lé nìyẹn. Ṣebí ọmọ Ọ̀yọ́ ni àna rẹ, àwọn baba ńlá wa ló dá alárìnjó sílẹ̀. Aláré á gbé ẹ̀kú wọ̀, á di ọ̀nì, á di erè, á di òyìnbó onímú gígùn, gbogbo ọjà á máa pàtẹ́wọ́. Bó bá bọ́ ẹ̀kú tán, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀nì sọ̀rọ̀? N kò sọ pé kí Mùsùlùmí lọ gbé ẹ̀kú o, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé Yorùbá kì í ṣe ẹni tó yẹ ká máa ṣàlàyé fún pé eré yàtọ̀ sí ìwà.

Mo mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Súrà At-Tawbah, 65 àti 66, lórí àwọn tó wà ní ìrìn àjò Tàbúkù, tí wọ́n ní «a kàn ń sọ̀sọkúsọ, a ń ṣeré ni», tí Ọlọ́hun sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe àwáwí, wọ́n ti ṣàìgbàgbọ́ lẹ́yìn ìgbàgbọ́ wọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn yẹn fi ṣe ẹlẹ́yà? Ọlọ́hun ni, àwọn ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n sì sọ. Eré ni wọ́n wá fi bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí àṣírí tú. Bí géèmù rẹ bá dé ibi tí o ti máa fi ọwọ́ ara rẹ tẹ èébú sí Ọlọ́hun tàbí sí Ànọ́bì, pa kọ̀ǹpútà náà dé kíákíá. Ibẹ̀ kò sí oṣó mọ́, ìwọ lo kù.

Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ sì ní kí o máa fi gbèjà ara rẹ, ẹsẹ̀ 106 nínú Súrà An-Nahl, lórí Ammar ọmọ Yasir, jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Sàábé Ànọ́bì ni Ammar, àwọn kèfèrí fi ìyà jẹ ẹ́ kó tó fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kèfèrí tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ta ló fìyà jẹ ọ́? O san owó dátà fúnra rẹ ni.

Ǹjẹ́ ó wá dára? Rárá, mákúrúù ni lójú mi, ohun tí a kórìíra tí kò tó èèwọ̀, ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ ló ṣe dáadáa. Kì í ṣe torí pé ìtàn àròsọ ni. Áíṣà, ìyá àwa onígbàgbọ́, ní ẹṣin kan láàárín àwọn ọmọláńgidi rẹ̀, àkísà ló fi ṣe ìyẹ́ méjì fún un. Ànọ́bì rí i, ó ní ṣé ẹṣin ń ní ìyẹ́ ni? Áíṣà ní ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹṣin Sùlámánù ní ìyẹ́ ni? Ànọ́bì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gán rẹ̀ fi hàn. Abu Dawud ló gbà á wá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé gbogbo ohun tí kò sí láyé ni irọ́. Tìrẹ yàtọ̀ torí pé àyè wà fún ọ láti yan jagunjagun, oníṣègùn, àgbẹ̀, oṣó lo lọ mú. Nígbà tí géèmù World of Warcraft dé ní 2004, warlock, ìyẹn oṣó tó ń kó èṣù ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀. Ibi tí eré kò bá sì fún èèyàn láyè yíyàn, ẹ sọ̀rọ̀ síta. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ni PUBG Mobile, géèmù ìjà orí fóònù, fi ère kan sínú eré wọn tí ẹni tó ń ṣe é lè bọ́ sí iwájú rẹ̀ kó forí balẹ̀ fún un láti gba agbára. Àwọn Mùsùlùmí fi ẹ̀hónú hàn, iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe kí a máa tú ilé onílé ká.

Mo fẹ́ kí àna rẹ gbọ́ èyí. Nínú màdìhábì tiwa, bí èèyàn bá kúrò nínú ẹ̀sìn lóòótọ́, yìgì rẹ̀ tú. Torí bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó làwọn àgbà wa kì í fi í ṣẹnu. Ànọ́bì ní ẹni tó bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, orí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà máa bà lé. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní á gbọ́ wáàsí ìdajì wákàtí lórí fóònù, wọ́n á dìde, wọ́n á máa yọ èèyàn kúrò nínú ẹ̀sìn bí ẹni ń yọ ẹ̀fọ́ tó rà. Ti ẹni tó fẹ́ gbowó rúkíyà, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlùjọ̀nnú wà, a gbà pé ó wà. Má fún un ní kọ́bọ̀.

Èyí tó kàn wá ni mo fẹ́ kí o jókòó gbọ́.

O kọ̀wé gígùn sí mi lórí òòṣà tí kò sí. Ti wọ́láhì, o kàn gbà á kọjá ni, «kódà» lo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, o ní oṣó ló búra, pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọmọ mi, oṣó yẹn ní òòṣà tirẹ̀. Kí ló dé tí kò fi òòṣà rẹ̀ búra? (N kò ní kí o fi òòṣà búra o. Ẹni tí Láàtà tàbí Úúsà, òòṣà àwọn Lárúbáwá àtijọ́, bá bọ́ sí lẹ́nu nínú ìbúra, kí ó yára sọ pé Lá iláhà illá Lláhù ni Ànọ́bì wí.) O mú orúkọ Ọlọ́hun jáde torí pé o mọ̀ pé Mùsùlùmí ni ọkùnrin yẹn, o mọ̀ pé tó bá ti gbọ́ wọ́láhì, á gbà. Kì í ṣe oṣó ló mọ ìyẹn. Idà yẹn sì kì í ṣe àlá: o sọ fún mi pé owó ló fi rà á.

Ìbúra lórí ohun tó ti kọjá, tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ sí, kò ní ìtánràn lọ́dọ̀ àwa Màlíkì, torí pé ó tóbi ju ohun tí ìtánràn lè nù lọ, túúbá nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ lo búra lé, «láàárọ̀» lo wí, nítorí náà ìtánràn wà lọ́rùn rẹ pẹ̀lú túúbá. Bọ́ aláìní mẹ́wàá tó jẹ́ Mùsùlùmí, mùdù kan ìrẹsì tàbí àgbàdo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mùdù Ànọ́bì ni mò ń wí, ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi tí kò sì kéré, kì í ṣe kóńgò ìyá ọlọ́jà. Risala ní ó dára kí o fi ìdá kan nínú mẹ́ta mùdù tàbí ìdajì rẹ̀ lé e. O sì lè dáṣọ fún wọn dípò oúnjẹ. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń sáré sí yẹn, ti ẹni tí kò ní ni. Ìwọ ní kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà, wọlé sórí eré yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, dá idà padà fún ará Ìlọrin, kí o sì fi orúkọ ara rẹ bẹ̀ ẹ́, má fi ti oṣó. Tó bá ní ó ti tán, pé kò ṣe nǹkan kan, bi í lẹ́ẹ̀kejì kó dá ọ lójú. Tí ìyàwó rẹ bá sì dé, sọ fún àna rẹ pé mò ń retí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kó mú tírà tó kà á nínú rẹ̀ dání.