Èsì: Márúwá àlòkù tí ẹ fẹ́ rà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ò ra kẹ̀kẹ́ Márúwá àlòkù rí, kí ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣáná sí i dè yín nìyẹn, kí ẹ má baà mọ̀ bóyá ó ń ṣòro láti ṣáná sí. Bí èéfín rẹ̀ bá ń ṣe bíi búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. (Ohun tí wọ́n fi mú èmi gan-an nìyẹn.) Ẹ kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wà á láti Ṣábó dé géètì yunifásítì LAUTECH, bó bá ṣófo, ẹ ò ní mọ̀ bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe rí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì (férémù rẹ̀) gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Ọ̀dà tuntun ò jọ mí lójú o, ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ibi tó ti dógùn-ún.