Ooru Omi tàbí Kẹ́míkà: Èwo Ni Kí A Fi Fọ Ilé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa obìnrin ní ikọ́ fée, bí mo bá sì ti fi bílíìṣì fọ ilé ìwẹ̀ báyìí, mímí a máa nira fún un. Ọkọ mi ní kí a ra ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi fọ nǹkan, kí a sì kó gbogbo kẹ́míkà inú ilé dànù. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa, kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní omi gbígbóná lásán kò lè pa kòkòrò àìsàn. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di àríyànjiyàn nínú ilé. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò wò ó sàn. Apá tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n màmá náà rí nǹkan kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sábà máa ń dá irú àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ ni pé a kì í ya fífọ nǹkan mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára pípa kòkòrò àìfojúrí. Ọṣẹ àti omi ló ń fọ nǹkan mọ́. Apá kan nínú ọṣẹ a máa di ọ̀rá mú, apá kejì a sì máa di omi mú, tó fi jẹ́ pé nígbà tí omi bá ń ṣàn lọ, yóò wọ́ ọ̀rá, èérí àti èyí tó pọ̀ nínú kòkòrò náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Pípa kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ bílíìṣì àti iṣẹ́ ooru, kò sì sí èyí tó lè ṣe é dáadáa nínú àwọn méjèèjì níbi tí èérí bá ṣì bo ojú ilẹ̀. Nínú ilé tí kò sí ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu tàbí tí àìsàn tó ń ràn ń ṣe, ọṣẹ, omi àti aṣọ tó mọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ ohun tí à ń nù lójoojúmọ́, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti máa fi bílíìṣì nu tábìlì ní àràárọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ olóoru, kì í ṣe omi gbígbóná lásán ló ń tú jáde. Inú táǹkì rẹ̀ tí a dé pa ni omi ti ń gbóná kọjá dígírì 100, tí yóò sì fi agbára ti ara rẹ̀ jáde ní ẹnu rọ́bà. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ni kò lè la dígírì 70 já bí ìgbóná náà bá dúró lórí wọn díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni “dúró lórí wọn” yẹn. Láti ìgbà tí ooru náà bá ti jáde ló ti ń tutù, bí ẹ bá sì gbé ẹnu ẹ̀rọ jìnnà sí táìlì, ọ̀rinrin lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni yóò dé ara táìlì náà. Mo ti rí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yìí sáré lórí ilẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ilẹ̀ náà rin, ó ń dán, inú onílé sì dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi àkísà funfun nù ún, ó dúdú kirikiri. Ooru ti yọ́ ọ̀rá ilẹ̀ náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kó o kúrò, bí ilẹ̀ náà bá sì gbẹ tán, ibẹ̀ náà ni ọ̀rá ọ̀hún yóò tún lẹ̀ mọ́. Ẹ gbá ilẹ̀, ẹ fi ọṣẹ nù ún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé ẹnu ẹ̀rọ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún bí ẹ ti ń lọ. Aṣọ tó bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí màmá fi jàre ni pé àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n máa ń sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle tí omi híhó pàápàá kì í ràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń kó ohun èlò iṣẹ́ abẹ sínú ìkòkò ooru tí a dé pa pátápátá, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó wà ní dígírì 121 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀rọ inú ilé kò lè ṣe ìyẹn, ilé tí ènìyàn ń gbé kò sì nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló jẹ mí lógún jù. Òórùn bílíìṣì àti ti àwọn kẹ́míkà tí à ń fín máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì burú jù fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Kódà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018, nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 fún 20 ọdún. Wọ́n rí i pé agbára ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin tó ń fọ ilé, yálà ilé tiwọn tàbí níbi iṣẹ́, ń dín kù kánkán ju ti àwọn obìnrin tí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ yẹn dán bílíìṣì wò mọ́. Ẹ lo ọṣẹ àti ooru nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ fi ìgò bílíìṣì kan ṣoṣo pa mọ́ fún ọjọ́ àìsàn, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, ọjọ́ tí ẹ bá sì lò ó, kí ọmọ má wà nítòsí, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹ dà á sí ara aṣọ dípò kí ẹ fín in. Ooru náà ní ìṣòro tirẹ̀ o: ọ̀rinrin tó bá fi sílẹ̀ nínú yàrá tí a tì pa lè mú kí ebu hù lára ògiri, ebu náà sì jẹ́ ọ̀tá ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ ṣí fèrèsé títí gbogbo ibẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Láti sọ omi tó ti hó di ooru, ó gba ìgbóná tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà èyí tí a fi mú omi tútù dé ibi híhó, gbogbo ìgbóná yẹn ni ooru sì ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá kan awọ ara.

ÌBÉÈRÈ: Mo da bílíìṣì sínú àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wá gbé ẹnu ẹ̀rọ olóoru lé e kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Ojú mi ń ta, mo ń wúkọ́, mo sì sá jáde. Ẹnì kan tún ní kí n máa bu fínígà díẹ̀ sínú táǹkì ẹ̀rọ náà kí ó lè fọ èérí funfun tó wà lára ẹ̀rọ omi. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ sá jáde. Ẹ má ṣe dán an wò mọ́ láéláé. Bí bílíìṣì bá gbóná, èéfín rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lé e lórí ni yóò sì wọ̀ lára. Èyí tó tún burú jù ni kí bílíìṣì pàdé fínígà tàbí ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú, nítorí pé gáàsì chlorine ni yóò jáde. Bí ó bá sì pàdé ohun tó ní ammonia, kẹ́míkà olóòórùn líle kan, gáàsì olóró mìíràn ni. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ bọ́ síta, ẹ má padà wọlé lọ gbé korobá, bí ikọ́ tàbí àyà fífún kò bá sì lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ibi tí ẹ bá ti lo bílíìṣì, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì fi ooru sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Omi nìkan ni kí ó wọ inú táǹkì, àyàfi tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ ohun mìíràn. Èérí funfun líle tí ẹ rí lára ẹ̀rọ omi, ooru kò lè yọ ọ́, torí pé òkúta inú omi ni, ásíìdì ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹ rẹ aṣọ sínú fínígà, ẹ fi wé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá fi omi ṣàn án. Ẹ má fi kan òkúta mábù, nítorí yóò jẹ òun náà. Èérí kan náà yìí ló máa ń dí inú ẹ̀rọ olóoru, omi tí a ti yọ èròjà inú rẹ̀ ni ó sì dára jù fún un bí omi àdúgbò bá le, ìyẹn bí òkúta inú rẹ̀ bá pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn nǹkan wo ni kò yẹ kí a fi ooru fọ̀?

ÌDÁHÙN: Pákó tí a kò kùn dáadáa ni àkọ́kọ́, torí ooru a máa wọ inú rẹ̀, yóò sì wú. Ilẹ̀ tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lè ṣí. Awọ, sílíìkì àti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì a máa bàjẹ́, gíláàsì tó tutù gan-an lè là lójijì, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kì í sì í ṣe ibi tí omi ń dé. Bí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ gbìyànjú, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó, kí ẹ sì dúró títí yóò fi gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Inú ń run àwọn ọmọ wa méjèèjì. Ọ̀kan bì sórí kápẹ́ẹ̀tì, èkejì bì sórí táìlì. Ìdun tún wà nínú ibùsùn wọn. Ṣé ẹ̀rọ olóoru lè yanjú gbogbo rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara wọn yóò yá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi bébà kó èébì náà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pa. Lórí táìlì, ibí yìí gan-an ni mo ti fara mọ́ bílíìṣì, torí pé fáírọ́ọ̀sì tó sábà máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín ọmọdé kì í kú bọ̀rọ̀, ọtí apakòkòrò tí à ń fi pa ọwọ́ kò sì ràn án tó bó ṣe yẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ po ṣíbí kékeré mẹ́rin bílíìṣì ilé mọ́ lítà omi tútù kan, kí ẹ fi pa táìlì náà, kí ó sì rin síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Bí ara ìgò bá sọ ìwọ̀n mìíràn, ti ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á nù lọ́jọ́ kejì, torí agbára rẹ̀ ti ń lọ.

Bílíìṣì yóò ba àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, nítorí náà ooru ló ni ibẹ̀. Ìmọ̀ràn CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àìsàn ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ooru náà wà ní dígírì 70 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí dígírì 100 fún ìṣẹ́jú kan, lórí ibì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ní ti ìdun, òun àti ẹyin rẹ̀ kì í lè fara da ìgbóná tó ju dígírì 50 lọ, ooru sì ń wọ inú ojú rírán ibùsùn àti àlàfo pákó tí oògùn kì í dé. Ẹ lo ẹnu ẹ̀rọ tó fẹ̀, tí a sì fi aṣọ bò, nítorí pé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ a máa fẹ́ ìdun lọ sí ibòmíràn láàyè. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ lójú rírán kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí àwọn tó bá fara pa mọ́ jìnnà, kí ẹ má sì tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn náà títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.