Àyà ń dùn mí, mo ṣì kéré: ṣé ọkàn mi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 24 ni mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyà ti ń dùn mí lápá òsì. Nígbà mìíràn á kàn gún mi bí abẹ́rẹ́, kì í sì í pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ tí mo dùbúlẹ̀, ṣe ni àyà mi á fún pinpin bíi pé wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e. Mi ò mu sìgá, mi ò sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àgbàlagbà ni ọkàn ń yọ lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè fà á?

ÌDÁHÙN: O káre tí o béèrè. Òótọ́ ni pé nínú àwọn ọ̀dọ́ tí àyà ń dùn, àwọn tó jẹ́ pé ọkàn ló fà á kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í ṣe àyẹ̀wò. Ìrìn ìrora náà ni kí o máa ṣọ́. Kí lò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó mú ọ? Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Kí ló ń mú un le sí i, kí ló sì ń mú un rọlẹ̀? Bí aláìsàn bá ti dáhùn ìwọ̀nyí dáadáa, mo ti máa ń mọ apá ibi tí màá kọjú sí kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀rọ.

Ìrora méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Èyí tó ń gún bí abẹ́rẹ́ kò bà mí lẹ́rù púpọ̀. Níwájú àyà, eegun rírọ̀ ló so àwọn egungun ìhà mọ́ egungun gbọọrọ tó wà láàárín. Oríkèé ibẹ̀ lè máa roni lẹ́yìn ikọ́ líle, lẹ́yìn ẹrù wúwo, tàbí láìjẹ́ pé èèyàn ṣe nǹkan kan. Fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá kan ojú ibì kan tí ìrora tó ń dà ọ́ láàmú gan-an tún jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń wá. Irú mìíràn tún wà tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́: wàá jókòó jẹ́jẹ́, nǹkan á ṣàdédé gún ọ lójú kan, o ò ní lè mí kanlẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú 3 á ti pòórá. Kò nílò oògùn, kì í sì í ba nǹkan kan jẹ́.

Èyí tó ń fún ọ lálẹ́ ni mo fẹ́ ká jókòó tì.

Bí o bá ń jẹun tán tí o sì ń dùbúlẹ̀, omi kíkan inú ikùn lè gòkè wá sí ọ̀nà oúnjẹ, kó máa ta ọ́ láyà, kí ẹnu rẹ sì máa kan. Jẹ oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí 3 kí o tó sùn, sì gbé ìhà orí ibùsùn rẹ sókè díẹ̀. Mo tún máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ bóyá wọ́n ń lo oògùn irorẹ́, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Doxycycline, ọ̀kan lára oògùn irorẹ́, tí wọ́n fi omi díẹ̀ gbé mì, tí wọ́n sì sùn lé lórí, lè há sí ọ̀nà oúnjẹ kó sì dá egbò síbẹ̀. Ife omi kíkún ni kí o fi lò ó, má sì dùbúlẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30.

Ikọ́ fée, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń mú èémí dún fíì-fíì. Lára àwọn kan, àyà tó ń fún lálẹ́ tàbí lẹ́yìn eré sísá, pẹ̀lú ikọ́ gbígbẹ, ni gbogbo ohun tí wàá rí.

Ìpayà náà wà níbẹ̀. Èdè wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: bí ẹ̀rù bá bani, àyà la máa ń sọ pé ó já. Ẹni tí jìnnìjìnnì mú á máa mí yára jù, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí sóde) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, ìka àti ètè á máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí wọn, òòyì á kọ́ ọ, àyà á sì fún. Ó sábà máa ń dé góńgó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó máa rọlẹ̀. Ìrora gidi ni o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní àṣejù. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn kí dókítà kàn wo ojú ọ̀dọ́ kó ní ìpayà ni, láì tíì yẹ àwọn yòókù wò.

Torí ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò lè gbójú fò: ìgbà tí o bá dùbúlẹ̀ ló ń le. Ṣé ó máa ń rọlẹ̀ tí o bá dìde jókòó tí o sì tẹ̀ síwájú? Ṣé ibà tàbí ọ̀fìnkìn ti mú ọ ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀? Awọ tó bo ọkàn lè wú lẹ́yìn irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀ náà lè wú, ọ̀dọ́ kò sì yọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, lọ ṣe àyẹ̀wò ECG, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, lónìí. Má sáré, má gbá bọ́ọ̀lù, títí dókítà á fi yọ̀ǹda, torí eré ìdárayá lórí ọkàn tó wú lè pani.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka èyí, bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ ń sáré tàbí gun àtẹ̀gùn, tó sì ń dáwọ́ dúró tí ẹ bá sinmi, tàbí tí ẹ dákú lẹ́nu eré, tàbí tí ẹbí yín kan ti kú lójijì ní kékeré, ẹ tètè lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí apá kan àyà rẹ̀ ṣàdédé dùn tí èémí rẹ̀ ń kúrú, afẹ́fẹ́ lè ti jò jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti gbéra níbẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àyà ń dùn tí ara rẹ̀ sì gbóná tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn gan-an. Ẹ má fi oògùn ìrora dá a dúró sílé. Ẹni tó bá sì ti fa kokéènì, kó sọ ọ́ fún dókítà láìfi pamọ́, torí ó lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn pa, ó sì ń yí oògùn tí a máa lò padà.

Ní tìrẹ, bí kò bá tilẹ̀ sí èyíkéyìí nínú àwọn àmì tí mo ní kí o tìtorí rẹ̀ lọ lónìí, má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí kí o tó rí dókítà. ECG kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kì í sì í dunni; dókítà lè fi X-ray àyà tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un. Má dá ibuprofen lò títí di ìgbà náà, torí bó bá jẹ́ omi kíkan ni, ṣe ni yóò dá kún un. Wá ìwé kékeré kan, kọ aago tó mú ọ, ohun tí o jẹ, bí o ṣe dùbúlẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tó lò, kí o sì mú un dání lọ. Bí ó bá fún ọ ṣáájú ọjọ́ yẹn tí òógùn tútù bò ọ́, tó ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí o ò lè mí, jí ẹni tó bá wà nílé kó gbé ọ lọ. Má wa ọkọ̀ fúnra rẹ.