Ṣé oògùn HIV tòyìnbó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yà tó wà lọ́dọ̀ wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gba ìtọ́jú HIV ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ CRF02_AG sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. TLD, hóró kan tó ní oògùn HIV mẹ́ta nínú, lèmi ń lò níbí, n'Ìbàdàn. Ṣé ó ń ràn mí báyìí? Ṣé kí n lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀yà tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yín dúró. Dolutegravir tó wà nínú TLD ń ká ọwọ́ ẹ̀yà A, B, C, G àti AG (CRF02_AG yẹn) kò. HIV-2, oríṣi HIV mìíràn tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ni nevirapine àti efavirenz, oògùn HIV méjì mìíràn, kì í ràn rárá.

AG kì í ṣe àjèjì sí Ìbàdàn. IbNG, kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ rẹ̀ káàkiri ayé, ìlú wa yìí ni wọ́n ti rí i. Lọ́dún 1994, A ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé A àti G ló lú mọ́ra. Bí ẹ̀yà méjì bá bára wọn nínú sẹ́ẹ̀lì kan, kòkòrò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀ kọ láti ara ọ̀kan, kó parí rẹ̀ lára èkejì. AG àti G ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé B, tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀pọ̀ oògùn àti àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ C nìkan ló wà lára nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní HIV láyé. Àwọn àyẹ̀wò viral load (iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀) kan láyé ìjọ́un kì í ka ẹ̀yà tiwa pé. Ibì kan pàtó lára àbùdá ni wọ́n ń wá. Bí ibẹ̀ bá yàtọ̀, wọn ò ní rí kòkòrò náà dáadáa, wọ́n á sì sọ fáláìsàn pé tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bákan náà, ipò 82 lára protease (èròjà kòkòrò náà tí àwọn oògùn kan ń dojú kọ) ti G sábà máa ń yàtọ̀ sí ti B kí aláìsàn tó fẹnu kan oògùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí ìwádìí oògùn, àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára máa lo ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibí.

Ní tiyín, viral load ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ẹ̀yà. Bó bá ṣì ju 1,000 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn déédéé, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò náà ti ń kọ oògùn.