Ti gbogbo wa ni Kàtídírà, àmọ́ ẹ gba ìwé lọ́wọ́ Fadá yín

Ìbéèrè: Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, Àkúrẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi wà. Kàtídírà Saint Patrick l'Ádó la fẹ́ lò, torí ti gbogbo ọmọ Àgùdà ni. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ Fadá l'Ọ́wọ̀ ni yóò so wá pọ̀. Ṣé a ṣì ní láti lọ bá Fadá páríṣì wa?

Ìdáhùn: Ẹ ní láti lọ o, kí ẹ tó sanwó gbọ̀ngàn rárá.

"Ti gbogbo wa ni" yìí ti kó ọ̀pọ̀ tọkọtaya sí wàhálà. Lóòótọ́, Kàtídírà ni ìyá gbogbo ìjọ inú dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kan. Ibẹ̀ ni àga Bíṣọ́ọ̀bù wà, ibẹ̀ ló ti ń bù kún òróró mímọ́ mẹ́ta lásìkò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, tí wọ́n á gbé lọ sí páríṣì gbogbo, títí dé Ìkẹ́rẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n páríṣì lòun náà, ó ní àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ àti Fadá tirẹ̀. Òfin Ìjọ, ẹsẹ 1115, ní páríṣì tí ọ̀kan nínú yín ń gbé ni kí ẹ ti ṣe é. Ibòmíràn ń fẹ́ àṣẹ Fadá yín tàbí ti Bíṣọ́ọ̀bù yín. Ọ̀rọ̀ ti àfẹ́sọ́nà yín tún yàtọ̀: láti 1972 ni Èkìtì ti kúrò lára dáyósíìsì Oǹdó. Abẹ́ Oǹdó ni Àkúrẹ́ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni Kàtídírà tiwọn wà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àbúrò bàbá yín. Fadá tó wá láti ibòmíràn kò lè so yín pọ̀ níbẹ̀ àfi bí Fadá Kàtídírà tàbí Bíṣọ́ọ̀bù Èkìtì bá fún un láṣẹ. Láìsí àṣẹ yẹn, ìgbéyàwó náà kò múlẹ̀ rárá lójú Ìjọ, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 1108 ṣe wí, bó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àṣẹ náà sílẹ̀.

Kí ẹ̀yin méjèèjì gba ìwé ìrìbọmi tuntun níbi tí wọ́n ti rì yín bọmi. Ọ̀pọ̀ páríṣì kì í gba èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ni wọ́n ń kọ ìgbéyàwó sí, torí náà ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpótí kò lè sọ bóyá ẹni náà ti gbéyàwó lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ti kíláàsì ìgbéyàwó àti iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún Fadá ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó lè yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, ẹ bi Fadá yín. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ẹnì kan tó lè bá yín "ṣe ìwé" kíákíá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.